Ojú Ọjọ́ àti Bí Igi Ṣe Ń Dàgbà Nínú Igbó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu àwọn tó ń gbin igi, àti lẹ́nu àwọn tó kàn rí igi ńlá kan tó gbẹ lójijì tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣe é. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Ojú ọjọ́ wo lẹ̀ ń sọ: ti òní ni àbí ti ọdún gbọọrọ?

Òjò àná àti oòrùn òní, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Ohun tí à ń sọ níbí ni bí òjò, ooru, òtútù, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ṣe máa ń rí níbì kan látọdún dé ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ni àjọ WMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, fi ń ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àgbàdo a lo oṣù díẹ̀, ó parí. Igi lè dúró lójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá fún ọ̀dá. Ohunkóhun tó bá dé bá ibẹ̀ ti dé bá òun náà nìyẹn.

Báwo ni igi ṣe ń dàgbà gan-an?

Orí ẹ̀ka àti ṣóńṣó gbòǹgbò ló fi ń gùn, abẹ́ èèpo ló fi ń sanra. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín èèpo àti igi tó ń bí igi tuntun sínú, tó sì ń bí èèpo tuntun síta. Ọ̀pọ̀ nínú ìtì tí ẹ̀ ń rí ti kú tipẹ́. Awọ yẹn ni ẹ̀mí wà. Bí wọ́n bá bó èèpo igi yípo, oúnjẹ tó ń ti ewé sọ̀kalẹ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà dé gbòǹgbò mọ́, igi náà yóò sì kú díẹ̀díẹ̀.

Inú ewé ni ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn ihò tín-ín-tín ara ewé ń gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide wọlé, gbòǹgbò ń fa omi gòkè, agbára ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń sọ méjèèjì di ṣúgà. Kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú carbon dioxide yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ, inú afẹ́fẹ́ ló sì ti wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ. Omi àti èròjà díẹ̀ ló ń gbà nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ di pákó.

Kókó kan wà tí a ó padà sí: oúnjẹ sísè yàtọ̀ sí ara kíkọ́. Ojúmọmọ ni ewé ń ṣe ṣúgà, ṣùgbọ́n òru ni igi ń sanra jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù tí omi sì kún ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ igi nínú igbó ilẹ̀ Switzerland, tó ń wọn ìtì ní wákàtí dé wákàtí, fi èyí hàn kedere. Lọ́sàn-án, ìtì igi a tiẹ̀ máa sún kì díẹ̀, nítorí ewé ń fa omi ju bí gbòǹgbò ṣe ń rí i lọ.

Èwo ló ṣe pàtàkì jù: omi, ooru àbí ìmọ́lẹ̀?

Èyí tó bá wọ́n jù níbi tí igi náà wà. Lórí òkè gíga àti ní ìhà àríwá ayé lọ́hùn-ún, ooru ló wọ́n. Ní etí aṣálẹ̀, omi ni. Nínú igbó kìjikìji tí òjò kì í dá, ìmọ́lẹ̀ ló máa ń wọ́n, pàápàá fún igi kékeré tó wà lábẹ́ òjìji àwọn àgbà igi.

Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye ìdajì ohun tó wà níbí. Ooru tó ń lé sí i lè mú igi sanra níbi tí òtútù ti ń dá a dúró, kí ooru kan náà sì pa irú igi yẹn níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Kò sí ìtakora níbẹ̀, ohun tó wọ́n fún ọ̀kan kọ́ ló wọ́n fún èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé “ooru dára fún igi” tàbí “ooru burú fún igi,” ìbéèrè mi ni pé: igi wo, níbo?

Ṣé bí òjò bá ṣe pọ̀ tó ni igi ṣe ń dàgbà tó?

Ó ní ibi tó ń dé dúró. Gbòǹgbò náà ń mí. Bí omi bá dúró sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ á tán nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ igi á sì rà. Òjò tí kì í dá tún ń mú ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ìkùukùu sì ń dí ìmọ́lẹ̀.

Bí òjò ṣe pín sínú ọdún ṣe pàtàkì tó àpapọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ jù ú lọ. Mílímítà 1,500 tó pín sí oṣù mẹ́sàn-án lè gbé igbó ńlá ró. Bí iye kan náà bá rọ́ dà sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, tí oṣù mẹ́sàn-án tó kù sì gbẹ táútáú, igi ibẹ̀ yóò kúrú, wọn yóò jìnnà síra wọn, koríko yóò sì gba àárín wọn.

Kí ló dé tí àwọn igi kan fi ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún?

Ara ewé ni omi ń gbà jáde. Igi tó ju ewé rẹ̀ nù nígbà tí omi wọ́n ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ìrókò, àràbà àti afàrà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ olótùútù ń ṣe é kí òtútù tó mú gan-an, nítorí omi tó ti di yìnyín nínú ilẹ̀ kò ṣeé fà.

Igi kan wà nílẹ̀ Áfíríkà, Faidherbia albida, tó dorí tirẹ̀ kodò: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn débi tó fi ń kan omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ láàárín oko, torí kì í fi òjìji dí ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ nígbà òjò.

Kí ni òrùka inú igi ń sọ fún wa?

Níbi tí ìgbà òtútù bá wà, igi ń dàgbà fún oṣù díẹ̀, á sì dúró. Èyí tó bá kọ́ sára níbẹ̀rẹ̀ àsìkò máa ń fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a mọ́lẹ̀. Èyí tó kọ́ níparí a ki, a sì dúdú. Méjèèjì ló para pọ̀ di òrùka ọdún kan. Ọdún tó dáa máa ń fi òrùka fífẹ̀ sílẹ̀, ọdún tó le máa ń fi tín-ín-rín sílẹ̀.

A. E. Douglass, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló sọ èyí di ẹ̀kọ́ gidi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ń wá ipa tí oòrùn ń ní lórí ojú ọjọ́, ló bá yà sídìí igi. Ó rí i pé àwọn igi agbègbè kan náà máa ń ní òrùka tóóró lọ́dún kan náà, tí fífẹ̀ àti tóóró sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Nítorí náà, a lè mú igi tó wà láàyè, ká fi pákó àtijọ́ tó bá a pàdé lẹ́yìn tì í, ká fi èyí tó tún dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tì í lẹ́yìn, títí a ó fi padà sẹ́yìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1937, Yunifásítì Arizona dá ilé ìwádìí sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Lórí àwọn òkè California, igi páìnì tí wọ́n ń pè ní bristlecone wà tí òrùka rẹ̀ ju 4,800 lọ, ó sì ṣì wà láàyè.

Ní 1815, òkè ayọnáyèéfín Tambora ní Indonéṣíà bú gbàmù. Ohun tó tú sókè dí oòrùn lójú, ìgbà ooru ọdún 1816 kò sì móoru ní Yúróòpù àti ní ìlà oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Àwọn igi tó wà láàyè ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ nígbà náà gbé àmì ọdún yẹn sára.

Kò pọn dandan kí ẹ gé igi kẹ́ ẹ tó ka òrùka rẹ̀. Irin oníhò kan wà tí wọ́n ń yí wọ ara igi, tó ń fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù jáde. Igi tó bá lágbára yóò di ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ṣé gbogbo igi ló ní òrùka?

Ọ̀pọ̀ igi igbó kìjikìji kò ní, tàbí kí tiwọn má hàn dáadáa, torí wọn kì í dúró pátápátá nínú ọdún. Níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, òrùka á hàn: tíìkì ní in, afàrà náà ní in. Nínú igbó etí odò Amazon tí omi ń bò fún oṣù púpọ̀, àkúnya omi ló ń dá igi dúró tó sì ń fi òrùka sí i.

Èyí tí kò bá ní òrùka, wọ́n á so okùn irin mọ́ ọn ní gíga mítà 1.3 sí ilẹ̀, wọ́n á sì máa padà wá wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa igbó ilẹ̀ olóoru, ọwọ́ àwọn tó ń wọn igi kan náà fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ló ti wá.

Kí ló dé tí igi kì í hù kọjá ibì kan lórí òkè gíga?

Òtútù ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ń ṣe é máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ewé ṣì lè ṣe ṣúgà nígbà tí òtútù bá mú dé 5°C. Ara kíkọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá níbẹ̀. Bíríkì wà nílẹ̀, àmọ́ òtútù ti mú bíríkìlà lọ́wọ́. Káàkiri ayé, ibi tí igi ń parí sí lórí òkè ni ibi tí ìwọ̀n ooru àsìkò ìdàgbà ti jẹ́ bíi 6°C.

Koríko àti igi kúkúrú ń kọjá ibẹ̀ nítorí wọ́n rọ̀ mọ́ ilẹ̀, oòrùn sì ń mú ilẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ òkè lọ. Igi tó bá nà sókè ló ń bá òtútù atẹ́gùn pàdé.

Kí ni ọ̀dá ń ṣe nínú ara igi?

Omi inú igi dà bí okùn tí wọ́n ń fà. Omi ń gbẹ kúrò lára ewé sínú afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń lọ ló ń fa èyí tó tẹ̀ lé e gòkè, títí dé gbòǹgbò. Inú àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú pákó ni okùn omi yìí ń gbà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, okùn náà á le, á tún le sí i, títí afẹ́fẹ́ yóò fi já wọ inú ọ̀nà kan. Okùn já níbẹ̀ nìyẹn, omi kò sì ní gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀nà bá já, orí igi á gbẹ.

Igi ní ọgbọ́n kan fún ewu yìí: á pa ihò ara ewé rẹ̀ dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò tí omi ń gbà jáde náà ni afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń gbà wọlé. Bó bá ṣí i, òùngbẹ. Bó bá tì í, ebi. Irú igi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Àwọn kan tètè ń tì í, wọ́n á máa jẹ ohun tí wọ́n ti fi pamọ́. Àwọn mìíràn á máa fa omi lọ títí ọ̀nà omi wọn yóò fi fẹ́ já.

Ìsanra ló kọ́kọ́ ń dúró. Ara tuntun kò lè wú láìsí omi, nítorí náà igi ti ṣíwọ́ ara kíkọ́ kí ewé tó ṣíwọ́ oúnjẹ ṣíṣe. Ewé lè tutù yọ̀yọ̀ lójú yín nígbà tí ìtì igi náà kò tíì fẹ̀ sí i rárá láti oṣù méjì.

Nínú ọ̀pọ̀ igbó, àwọn igi ńlá ni ọ̀dá ń fìyà jẹ jù. Okùn omi wọn gùn, orí wọn sì wà nínú oòrùn gangan. Igi tó ga jù láyé, redwood etí òkun California tó ga ju mítà 115 lọ, wà níbi tí kùrukùru ti máa ń wọlé láti òkun. Ewé irú igi yẹn lè mu omi tó bá sẹ̀ sí i lára.

Òjò ti padà. Kí ló dé tí igi ṣì ń kú?

Ọ̀nà omi tó ti já kì í sábà so padà. Igi ní láti kọ́ tuntun, oúnjẹ tó yẹ kó fi kọ́ ọ sì ti tán nínú àká. Òrùka igi láti ọ̀pọ̀ ibi láyé fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀dá ńlá, igi lè lo ọdún kan sí mẹ́rin kó tó padà sí bó ṣe ń dàgbà tẹ́lẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, kòkòrò á ti gbóòórùn rẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ le ń fi oje dá kòkòrò tó bá gbẹ́ ihò sí i lára dúró, oje náà á sì rì wọ́n. Igi tí òùngbẹ ti gbẹ kò ní oje tó. Lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 2018 ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, àwọn igi spruce, irú igi ilẹ̀ olótùútù kan, ń kú lọ ní 2019 àti 2020, nítorí kòkòrò abẹ́ èèpo ló parí iṣẹ́ tí ọ̀dá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka òkú igi ọdún tí ọ̀dá mú nìkan ti ka ìdajì.

Bí omi bá wà nílẹ̀, ṣé ooru nìkan lè pa igi lára?

Ó lè ṣe é, láti ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán. Àkọ́kọ́ ni òùngbẹ afẹ́fẹ́. Bí ooru bá fi 1°C lé sí i, afẹ́fẹ́ lè gba nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún omi sí i. Bí omi kò bá sí nínú afẹ́fẹ́ láti dí àyè yẹn, ara ewé ni yóò ti fà á. Ẹ rántí bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ètè ènìyàn tó mu omi yó.

Èkejì ni òru. Igi ń mí lóru, ó ń jó lára ṣúgà tó ṣe lójúmọmọ. Bí òru bá ṣe gbóná tó ló ń jó o tó. Ní La Selva, igbó kan ní Costa Rica tí wọ́n ti ń wọn igi inú rẹ̀ látọdún 1984, ọdún tí òru gbóná jù ni àwọn igi sanra kéré jù. Ojú mi kì í kúrò lára ìṣirò òru láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, nítorí ọ̀sán ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Ẹ̀kẹta ni kí ewé jóná. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 lórí igbó ilẹ̀ olóoru fi hàn pé iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe ń bàjẹ́ bí ewé bá gbóná dé nǹkan bí 46.7°C. Ewé ni mo wí o. Ewé tó wà nínú oòrùn lè gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìwọ̀nba ewé kékeré ló ń dé ibẹ̀ báyìí, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 10,000.

Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń pọ̀ sí i. Ṣebí oúnjẹ igi ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí fi yẹ fún ìdáhùn tó kún. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbòde, ìwọ̀n rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti ju 420 lọ báyìí. Nígbà tó bá pọ̀, ewé kò ní láti ṣí ihò rẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó rí èyí tó fẹ́, nítorí náà omi tó ń nù á dín kù. Àwọn igi kékeré tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ yìí kún tiwọn sanra ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti dán an wò.

Ẹ wá wo igbó tó ti dàgbà. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n fún igbó eucalyptus àdáyébá kan ní afẹ́fẹ́ carbon dioxide sí i fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ewé ṣe oúnjẹ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi kò sanra sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní phosphorus tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà tí igi ń gbà nílẹ̀. Oúnjẹ tó lé náà gba inú ilẹ̀, ó sì padà sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó wọ́n ló tún dé yìí: ẹ lè da iyanrìn jọ bí òkè, bí sìmẹ́ǹtì kò bá sí, ilé kò ní kúrò nílẹ̀.

Ní ilẹ̀ olóoru, àwọn tó ń wọn igi gbé èsì tiwọn jáde ní 2020 bákan náà. Igbó Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni kò gé ń fa kábọ́ọ̀nù lọ́nà kan náà fún ọgbọ̀n ọdún títí di 2015. Ti Amazon ti ń dín kù láti àwọn ọdún 1990 síwájú, nítorí ooru àti ọ̀dá ń pa igi níbẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ yìí ṣe ń bọ́ wọn lọ. Oúnjẹ kò ṣiṣẹ́ lára òkú.

Bí òtútù bá dín kù ní ilẹ̀ olótùútù, ṣé kì í ṣe ire fún igbó ibẹ̀?

Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Àsìkò ìdàgbà gùn sí i, ewé sì ń tètè yọ ju bó ṣe rí ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àmọ́ ewé tó tètè yọ lè bá ìrì dídì pàdé. Òru kan péré tó fà sẹ́yìn sínú òtútù lè jó gbogbo ewé tuntun, igi á sì tún ná àká rẹ̀ láti ṣe òmíràn. Àwọn igi kan tún wà tí òtútù gan-an ni aago wọn: bí wọn kò bá rí i tó, wọn kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rúwé.

Òtútù ń pa kòkòrò. Ní British Columbia nílẹ̀ Kánádà, òtútù líle, tó súnmọ́ -40°C, ló máa ń pa ọmọ kòkòrò abẹ́ èèpo páìnì tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí òtútù bẹ́ẹ̀ kò dé mọ́, láti ìparí àwọn ọdún 1990, kòkòrò náà bo igbó tó ju mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà lọ.

Ṣé atẹ́gùn ń ṣe igi ní nǹkan, yàtọ̀ sí pé ó ń wó o?

Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Igi kékeré tí atẹ́gùn ń mì máa ń kúrú, ìdí rẹ̀ a nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ a sì rinlẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ òpó gbọningbọnin máa ń ga, a sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ni ẹ ó mọ̀ pé kò lágbára.

Iná ńkọ́?

Iná ti wà nínú igbó kan tipẹ́, igi ibẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Àwọn páìnì kan ń fi oje di èso wọn pa, ooru iná ló ń ṣí i kí irúgbìn tó já bọ́ sórí eérú. Igi ilẹ̀ ọ̀dàn ní èèpo nínípọn. Ọ̀pọ̀ eucalyptus ń rúwé láti ara ìtì tó ti dúdú.

Bí iná ṣe ń tètè padà ni ojú ọjọ́ ń yí. Igi tó nílò ogún ọdún kó tó so kò lè fara da iná ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Igbó kìjikìji kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ iná, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó gba orí ilẹ̀ lásán lè pa igi tó ti gbé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ṣé igi lè ṣí lọ síbi tó bá a lára mu?

Igi kò lè ṣí. Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣí. Atẹ́gùn, ẹyẹ, ẹranko àti omi ló ń gbé irúgbìn lọ. Nígbà tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ yọ́, ní nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe padà sí ìhà àríwá, ìran kan lẹ́yìn òmíràn.

Ooru ń yára báyìí ju bí ọ̀pọ̀ igi ṣe lè tẹ̀ lé e. Ọ̀nà, oko àti ìlú sì ti gé igbó sí wẹ́wẹ́, irúgbìn kò ríbi fò dé. Àwọn tó wà lórí òkè ń gòkè sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà ní ṣóńṣó òkè kò ríbi lọ mọ́. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rántí wọn.

Igi tó yára dàgbà, ṣé ó dáa ju èyí tó ń fà lọ?

Fún ẹni tó fẹ́ pákó kíákíá, ó lè dáa. Fún ẹni tó fẹ́ kí igbó tọ́jú kábọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2020, tó wo òrùka igi tó ju 200,000 lọ láti irú igi 82, rí i pé èyí tó yára dàgbà ló máa ń tètè kú. Ó hàn láàárín irú igi sí irú igi, ó sì hàn láàárín àwọn tó jẹ́ irú kan náà. Nítorí náà, bí ooru tàbí carbon dioxide bá mú igi yára, ó lè jẹ́ pé ikú rẹ̀ náà ni wọ́n ń mú yára.

Ṣé igbó náà ń yí ojú ọjọ́ padà?

Dáadáa. Omi tí ewé ń tú sáfẹ́fẹ́ ń tu agbègbè lára, ó sì tún ń di òjò. Nínú igbó Amazon, ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ ni igbó fúnra rẹ̀ ti tú sókè rí. Ẹ gé e ní apá ìlà oòrùn, apá ìwọ̀ oòrùn ni òùngbẹ máa gbẹ.

Ní ilẹ̀ tí yìnyín ń bò, ìdàkejì kan wà. Yìnyín funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, igbó dúdú ń gbé e mì. Nítorí náà, gbígbin igi lórí ilẹ̀ yìnyín lè mú ibẹ̀ gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fa kábọ́ọ̀nù.

Bí mo bá fẹ́ gbin igi báyìí, ojú ọjọ́ ìgbà wo ni kí n fi yàn án?

Ti ìgbà tí yóò dàgbà. Igi tí ẹ gbìn lónìí yóò wà níbẹ̀ ní ọdún 2080. Ẹ wá irúgbìn lára àwọn igi tó ti ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn ju tiyín lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pò ó mọ́ ti agbègbè yín. Ẹ má gbin irú kan ṣoṣo. Àìsàn tàbí ọ̀dá kan lè gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé owó yín tó fún nǹkan kan péré, kí àgbà igbó tó wà nílẹ̀ má kúrò níbẹ̀ ni ẹ ná an lé lórí. Igi kékeré nílò ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbé ohun tí àgbà igi kan ti gbé sára.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ojú ọjọ́ ló dá igi kan dúró?

Ẹ kò lè mọ̀ láti ara igi kan. Òrùka tóóró lè wá láti ara ọ̀dá, ó sì lè jẹ́ kòkòrò tó jẹ ewé, ẹ̀ka tó ya, èso tó so jù, tàbí aládùúgbò ńlá tó bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀: bí ìtì bá ṣe ń tóbi, igi tí iye rẹ̀ kò dín á tẹ́ yí ìtì tó fẹ̀ ká, òrùka á sì máa tóóró láìsí àìsàn kankan.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn olùṣèwádìí ń gba òrùka lára ogún igi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yọ ipa ọjọ́ orí kúrò nínú ìṣirò, wọ́n á wá wo ọdún tí gbogbo wọn jùmọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Òjìji aládùúgbò kì í bo ogún igi lọ́dún kan náà. Ọ̀dá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé òrùka igi kò bá ooru mu mọ́. Ṣé ó ṣì ṣeé gbára lé?

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ibì kan ní ìhà àríwá ayé, ooru àti òrùka ti jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, ooru ń gòkè, òrùka kò sì tẹ̀ lé e dáadáa mọ́. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti rí bẹ́ẹ̀, ìdí kan ṣoṣo kọ́ ló sì wà fún un. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe ìṣirò ooru ayé àtijọ́ ń fi òrùka igi wé yìnyín àtijọ́, iyùn inú òkun àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, kí ẹ̀rí kan má bàa dá sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn ìdí tó lágbára jù ni pé ohun tó wọ́n ti yí padà. Níbi tí ooru ti wọ́n tẹ́lẹ̀, òrùka fífẹ̀ túmọ̀ sí ọdún tó móoru. Nígbà tí ooru wá tó, tó sì ń gbẹ ilẹ̀, igi kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn omi sára. Ẹni tó ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ooru nìkan ló ṣì í kà.